Àgò Onílé O

  

Mo mú nǹkan kan lọ́wọ́ wá lónìí tí mo fẹ́ fi hàn yín. Òun nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rí àwọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹ rí ohun tó wà ní igun rẹ̀ lápá òsì, níbi tí mo fi ìka sí yìí? Ó dáa. Ẹ tẹ ibẹ̀, ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan nínú yín. Ẹ ń wí pé, "Kí ló ń ṣe obìnrin yìí? Ṣé ó gbàgbé pé orí rédíò ni òun wà ni?" Òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ní kí a wò ó, tí kò sì sọ ohun tí à ń wò, ẹni náà kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń ya àwòrán. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, ẹni tó jókòó sí Ìsẹ́yìn tí kò rí pápá gbọ́dọ̀ lè fò sókè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Fọ́tò kan ló wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àdìrẹ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó wà láàárín gbé ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tán. Ẹ ti rí i báyìí. Kò gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn níbí ni fọ́tò yìí wà. Èmi ni mo kọ́ ìkànnì náà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn: mo máa ń bá ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìtajà àti ẹgbẹ́ kọ́ ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ló kọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: "Àgò onílé o!" Mo ní, "Àgò yà o, ẹ wọlé, sà." Bàbá kan ni. Wọ́n fi ọ̀pá funfun wá ọ̀nà wọlé, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga, wọ́n jókòó. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gíláúkómà ló gba ojú lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn ni wọ́n. Lẹ́yìn tí a kíra tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ kò tíì kúrò létí mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo kágò lẹ́nu ọ̀nà rẹ, o dá mi lóhùn. Ilé tí o kọ́ fún wa sórí fóònù, ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kágò níbẹ̀, kò dá mi lóhùn rí."

Wọ́n yọ fóònù wọn. Fóònù Android lásán ni, irú èyí tó wà lápò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Wọ́n ti tan TalkBack rẹ̀, ìyẹn ohùn inú fóònù tó máa ń ka gbogbo ohun tí ìka bá kàn. Wọ́n ṣí ìkànnì mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá ojú fóònù sápá ọ̀tún, ohùn náà sì ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: àwòrán, IMG, òdo, mẹ́rin, ení, méje. Àwọn obìnrin mi mẹ́ta nìyẹn o. Àdìrẹ ọrùn wọn àti ẹ̀rín wọn, gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún fọ́tò náà. Bàbá tún gbá a: bọ́tìnì, kò lórúkọ. Wọ́n tún gbá a: bọ́tìnì, kò lórúkọ. Lẹ́yìn náà: àpótí ìkọ̀wé, àpótí ìkọ̀wé. Bàbá dúró. Wọ́n bi mí pé, "Èwo nínú méjèèjì ni ti orúkọ, èwo ni ti ọ̀rọ̀ aṣínà?"

N kò lè dáhùn kíá. Mo mọ̀ pé mo kọ "Orúkọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àkọ́kọ́, mo kọ "Ọ̀rọ̀ aṣínà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ojú rí i. Ṣùgbọ́n nínú àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà, n kò so orúkọ mọ́ àpótí rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ wà níbì kan, àpótí wà níbòmíràn, wọn kò mọra rí. Àwa Yorùbá kì í bímọ ká má sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ kì í kọjá. Bọ́tìnì mọ́kànlélógún ni mo bí sórí ìkànnì yẹn, kò sí ọ̀kan tó lórúkọ nínú wọn.

Bàbá kò bínú. Ohun tí wọ́n sọ dùn mí ju ìbínú lọ. Wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin ló máa ń bá àwọn wọlé síbẹ̀. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, òun ló sì máa ń ka iye tó wà lápò wọn fún wọn. "Ọmọ dáadáa ni," wọ́n ní, "kò mú kọ́bọ̀ mi rí. Ṣùgbọ́n owó tèmi ni, ẹnu ẹlòmíràn ni mo sì ti ń gbọ́ iye tó jẹ́."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé nǹkan ìran ni íntánẹ́ẹ̀tì, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan ẹni tí kò ríran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkọ ni ìkànnì láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé e kalẹ̀ ní 1989, ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu ààlà Switzerland àti Faransé, ohun tó ń wá ni bí ìwé kan yóò ṣe máa mú èèyàn dé orí ìwé mìíràn. Títí di òní, lábẹ́ gbogbo àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́ tí ẹ ń rí, ọ̀rọ̀ ni a kọ síbẹ̀: àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, bọ́tìnì nìyí, ọ̀nà ojú ewé kejì nìyí. Ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ akàwé àwọn afọ́jú ń kà. Kò béèrè ojú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, Bàbá á wọlé, wọ́n á jáde, bí èmi náà ṣe ń ṣe. Ojú wọn kọ́ ló dí wọn lọ́nà. Èmi tí mo kọ́lé ni mo dí i.

Ẹ̀rọ akàwé kì í ṣe nǹkan àná. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń fi alùpùpù díje, pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1978. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 1989, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé JAWS jáde, tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà séèyàn létí. JAWS ṣì wà, àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Ní 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó pè ní NVDA. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Teh, tí òun náà kò ríran, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn. Ní 2009, irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọ inú iPhone, ọdún kan náà ni TalkBack dé orí Android. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ó wà nínú fóònù yín báyìí, ẹ kò san kọ́bọ̀ lé e.

Bàbá ti mú kí ohùn fóònù wọn yára débi pé etí mi kò gbé e. Ó yá ju kọ́ńdọ́kítọ̀ tó ń pe èrò Dùgbẹ̀ lọ. Ẹni tó ríran máa ń fojú fo ìwé, á wo àkọlé, á fo èyí tí kò kàn án. Afọ́jú náà máa ń fò bẹ́ẹ̀, láti orí àkọlé kan bọ́ sórí èkejì. Ṣùgbọ́n àfi bí ẹni tó kọ́ ìkànnì bá pe àkọlé ní àkọlé. Èmi kàn sọ lẹ́tà di ńlá ni, mo kùn ún ní búlúù. Lójú, àkọlé ni. Létí, kò yàtọ̀ sí ìyókù. Bàbá ní láti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó ya gbogbo ojúlé tó wà ní Mápó kó tó dé ilé tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ tipẹ́ níbòmíràn. Nígbà tí ìlú Sydney ń múra ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2000, ọkùnrin afọ́jú kan wà ní Ọsirélíà níbẹ̀, Bruce Maguire ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ eré tí wọ́n máa ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é, bí gbogbo ọmọ ìlú. Ìkànnì ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje náà kò kọ ọ̀rọ̀ ti àwòrán rẹ̀. Kò ṣeé ṣe fún Maguire láti ti ojú ewé àkókò eré dé ibi tí wọ́n to orúkọ eré sí, àtẹ èsì pàápàá kò ṣeé kà fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ní 1999, ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Ọsirélíà. Ìgbìmọ̀ náà dáhùn pé iṣẹ́ ọ̀hún ti pọ̀ jù: bí ẹnì kan bá ń ṣe é ní wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ 368 ni yóò gbà. Ẹ̀rí tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó gbè sẹ́yìn Maguire, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fún ikọ̀ kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, àjọ náà dá Maguire láre, ó ní kí wọ́n tún ìkànnì náà ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tún un ṣe tán. Àjọ náà wá ní kí wọ́n san dọ́là Ọsirélíà 20,000 fún un.

Ọjọ́ 368 yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí fún oníbàárà. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ́lé tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ilẹ̀kùn. Bíbẹ́ ògiri ló kù. Ká ní ẹni tó gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà méje tì í lọ́jọ́ náà gan-an, kì bá tí sí ọjọ́ kankan láti kà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú gbé ilé ìtajà Target lọ sílé-ẹjọ́ ní 2006; nígbà tó di 2008, Target gbà láti fi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là yanjú ẹ̀. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Domino's, tí ọkùnrin afọ́jú kan pè lẹ́jọ́ nítorí pé kò lè fi ìkànnì wọn ra písà. N kò fẹ́ kó jẹ́ ìbẹ̀rù ẹjọ́ ni yóò mú wa ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ mọ̀ pé ó ti ń ná àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lówó.

Ìlànà kò sì ṣòroó rí. Ẹgbẹ́ W3C, tí Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994 láti máa bójú tó bí a ṣe ń kọ́ ìkànnì káàkiri ayé, gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní 1999. WCAG ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀fẹ́ ni. Ó gùn, ó sì le kà, n kò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa lọ: bí ojú kò bá sí ńkọ́? Bí etí kò bá sí? Bí ọwọ́ kò bá ṣeé gbé?

Mo ti ń sọ ti afọ́jú bọ̀ nítorí Bàbá. Adití ńkọ́? Ètò tí mo ń ṣe yìí gan-an, kò sí adití kan tó ń gbọ́ ọ. Kí n tó jókòó ni mo ti bá àwọn olóòtú sọ ọ́ pé kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síta ní kíkọ, wọ́n sì ti gbà. Láti 1960 ni Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ọ̀pọ̀ adití wa ló mọ̀ọ́kọ, tó mọ̀ọ́kà. Fídíò tí kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ ló ń lé wọn sẹ́yìn. Ẹ tún wo ti báńkì: bí káàdì bá há, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o pe nọ́ńbà kan, wọ́n sì lè má kọ ọ̀nà mìíràn síbẹ̀. Kí ni adití fẹ́ fi pè é?

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lápá kan, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè mú màósì kó fi tọ́ ohun tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bọ́tìnì Tab tó wà lórí kíbọọ̀dù ni ó máa fi ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìkànnì wa, bí o bá mú màósì kúrò, ó ti parí. Ti àwọ̀ lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ìlànà ní kí ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà kéékèèké àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ síra, ó kéré tán ní ìwọ̀n mẹ́rin àbọ̀ sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun ló wu àwa oníṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ẹni tójú ń dùn nìkan ni ìyẹn ń dà láàmú. Ẹ fún ìyálọ́jà kan ní Bódìjà ní fóònù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kó ka lẹ́tà eérú yẹn fún yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ìkànnì gbé sẹ́nu ọ̀nà láti fi dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Wọ́n á to àwòrán mẹ́sàn-án síwájú rẹ, wọ́n á ní kí o mú àwọn tó ní iná ojú pópó nínú wọn. Wọ́n ní kí àgbàlagbà fi hàn pé ènìyàn ni òun, ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí ni wọ́n sì ní kó fi jẹ́rìí. Bàbá bi mí bóyá mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, n kò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ilé wa, nítorí ohun kan wà tí àwa ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣèpàdé, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní ìsọjí, bí mọ́sálásí bá ní wáàsí, bí ẹbí bá fẹ́ sin àgbà, a máa ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń ya fláyà. Wọ́n á kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àwòrán kan ṣoṣo: ọjọ́, aago, àdúgbò, aṣọ ẹbí, nọ́ńbà àkáǹtì. A ó gbé e sójú ìkànnì, a ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó máa ń rẹwà. Ṣùgbọ́n létí ẹni tí kò ríran, lọ́pọ̀ ìgbà, "fọ́tò" ni, ó parí síbẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé bí ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ṣe kọjá nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìkéde náà fi wà nínú fóònù wọn. Wọ́n gbọ́ "fọ́tò", wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán "ẹ kú àárọ̀" tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ ni. Ìgbà tí wọ́n pe ilé ọ̀rẹ́ wọn láti kí i kú ọdún ni wọ́n tó gbọ́.

N kò ní kí ẹ má ya fláyà mọ́. Ẹ kàn tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin ọ́fíìsì tí ẹ máa ń tẹ ìwé, tí ẹ ó lù ú ní òǹtẹ̀, tí ẹ ó yà á ní fọ́tò kí ẹ tó gbé e sórí ìkànnì ní PDF, ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí ẹ tẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ẹ gbé òun gan-an síbẹ̀.

Èdè wa náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun mú dání: ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ lẹ́nu mi. Bí a bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn, ó sì ṣòro fún ẹ̀rọ láti mọ èyí tí à ń sọ. Àwọn ọ̀nà ìkọ̀wé ayé àtijọ́ kan tún wà lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé àmì mìíràn ni wọ́n pa láwọ̀ dà láti fi jọ lẹ́tà Yorùbá. Lójú, Yorùbá ni; bí ẹ̀rọ bá kà á, jágbajàgba ló máa jáde. Bí a bá sì gbé Yorùbá sójú ewé tí a kò sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kà á, ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní mọ ohun tó ń wí. Lẹ́tà méjì péré, "yo", la máa kọ sórí ojú ewé náà láti fi sọ ọ́. Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn Yorùbá fún ẹ̀rọ, Kọ́lá Túbọ̀sún tó dá YorubaName sílẹ̀ wà lára wọn. Òun ló wà nídìí TTSYorùbá, tó ń sọ Yorùbá kíkọ di ohùn. Iṣẹ́ tiwọn kò ní wúlò tó bó ṣe yẹ bí àwa tí à ń kọ̀wé bá ń jẹ àmì jẹ.

Àwọn baba wa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà. Èèwọ̀ ni kí èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé a lè bẹ̀rù ẹnì kan títí ká má sì yọ̀ǹda ọ̀nà fún un. Òfin ti ń gbìyànjú. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀, òfin náà sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007, tó sì sọ di tirẹ̀ ní 2010, dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an nínú abala kẹsàn-án rẹ̀. Ní Yúróòpù, láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin wọn ti kan àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti báńkì. Ẹni tó bá ń tajà fún wọn láti Èkó, kó lọ wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ rò ni pé ilẹ̀kùn ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ọ́fíìsì la máa ń lọ, bí àtẹ̀gùn bá tilẹ̀ ga, ènìyàn wà lẹ́yìn tábìlì. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ, ó lè bá ọ kọ fọ́ọ̀mù. Nísinsìnyí, ti ìdánwò, ti ìwé ìrìnnà, ti owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní ká lọ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ níbẹ̀. Bí bọ́tìnì kò bá lórúkọ, ibẹ̀ ni ìrìn rẹ parí sí.

Bí o bá ní ìkànnì, tàbí o jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ní in, ṣe ohun kan fún mi lálẹ́ yìí. Wọ inú Settings fóònù rẹ, wá Accessibility, tan TalkBack. Bí iPhone bá ni, VoiceOver ni. Ní ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, nítorí bí ìka ṣe ń ṣiṣẹ́ máa yí padà, o sì lè má mọ bí wàá ṣe pa á. Gbá ojú fóònù sápá ọ̀tún láti lọ síwájú, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí nǹkan. Lẹ́yìn náà, di ojú rẹ, kí o sì gbìyànjú láti ra ọjà ara rẹ.

Èmi ṣe é lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí Bàbá lọ. N kò kúrò lójú ewé àkọ́kọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Mo sọ bọ́tìnì mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún lórúkọ, mo so orúkọ mọ́ àpótí rẹ̀, mo pe àkọlé ní àkọlé, mo kọ ọ̀rọ̀ ti àwọn obìnrin mi mẹ́ta bí mo ṣe kà á fún yín lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ owó ló pẹ́ jù, nítorí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé iye yìí, oṣù yìí ló ni ín. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí mo parí. Ọdún mẹ́rin tí Bàbá fi ń kágò, iṣẹ́ wákàtí márùn-ún ló wà nídìí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Mo ti wọlé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà mi padà." Mo kí wọn. Wọ́n ní kí n dúró ná, àwọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Àwọn ti ka owó àwọn láti oṣù kìíní ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ wọn, àpapọ̀ iye ló máa ń kà fún wọn, kò ka ti oṣù kọ̀ọ̀kan rí. "Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá," wọ́n ní, "mo san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpótí mi. Kò sí níbẹ̀."

Mo ní kí n bá wọn kọ̀wé sí akápò.

"Rárá, ọmọ mi," wọ́n ní. "Mo ti rí bọ́tìnì rẹ̀. Mo ti kọ ọ́, mo ti fi ránṣẹ́."